Kúbà: Ẹgbẹ́ òṣèlú tó kó wọn lọ sóko ìrèké ló tún fún wọn níwèé ìgbéyàwó

Àwọn àgbà ló máa ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ rí ní orílẹ̀-èdè Kúbà lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 25, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, nígbà tí àwọn ará ìlú náà tò síwájú àpótí ìbò láti dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé wọ́n fara mọ́ Òfin Ìdílé tuntun tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ti buwọ́ lù, àbí wọn kò fara mọ́ ọn? Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ẹ̀kẹta. Òfin náà gùn, ó lé ní 400 abala, ṣùgbọ́n ibì kan nínú rẹ̀ ló dá awuyewuye tó pọ̀ jù sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ìgbéyàwó jẹ́ ìrẹ́pọ̀ láàárín ènìyàn méjì tó fínnúfíndọ̀ gbà láti jọ máa gbé. Wọn kò sọ pé ọkùnrin àti obìnrin. Ìyẹn ni pé ọkùnrin lè fẹ́ ọkùnrin, obìnrin náà sì lè fẹ́ obìnrin, kí ìjọba sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé.

Nígbà tí wọ́n ka ìbò náà tán, àwọn tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni lé ní 3.9 mílíọ̀nù, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́ lé ní 1.9 mílíọ̀nù, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 33 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù náà, òfin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni ìjì líle tí wọ́n pè ní Ian ya lu ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà, tí iná mànàmáná sì kú pátápátá jákèjádò orílẹ̀-èdè. Inú òkùnkùn ni òfin tuntun náà bá àwọn tó ti ń retí rẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn yìí lérèfé lè rò pé kò ju kí ìlú kan tún òfin rẹ̀ ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ìtàn Kúbà yóò dákẹ́ rò ó wò. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó gbé òfin yìí kalẹ̀, tó fi rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ìwé ìròyìn polongo rẹ̀, ni Ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì Kúbà. Láti ọdún 1965 tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yìí, kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn tí wọ́n gbà láyè nílẹ̀ náà. Abala karùn-ún ìwé òfin ilẹ̀ wọn sọ ọ́ kedere pé òun ló ga jù, òun ló sì ń darí àwùjọ àti ìjọba. Òun ló mú iṣu, òun náà ló mú ọ̀bẹ. Ẹgbẹ́ yìí kan náà, lábẹ́ ìdarí Fidel Castro, ló ń kó irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí lọ sí àgọ́ nígbà kan rí.

Àgọ́ tó wà ní Camagüey

Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1959 ni ìjọba Fulgencio Batista wó, tí Castro àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì gba ilẹ̀ náà. Ìlérí tí wọ́n ṣe pọ̀: ilé ìwé ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ilẹ̀ fún àgbẹ̀. Wọ́n tún sọ pé àwọn yóò tọ́ ènìyàn tuntun dàgbà, ẹni tí kò ní í mọ ti ara rẹ̀ nìkan. Lójú àwọn aṣáájú wọ̀nyí, ènìyàn tuntun náà ní láti jẹ́ ọkùnrin ogun àti ọkùnrin oko, tí ọwọ́ rẹ̀ le. Nínú oṣù kẹta ọdún 1963, Castro dúró níwájú èrò ní yunifásítì ìlú Havana, ó sì fi àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wọ ṣòkòtò fúnfún mọ́ra, tí wọ́n ń gbé gìtá kiri, ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ó sọ fún akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan, Lee Lockwood, pé òun kò gbà pé ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ lè jẹ́ ojúlówó ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì.

Kò dúró sórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1965 ni wọ́n ṣí àwọn àgọ́ kan ní agbègbè Camagüey, lábẹ́ iléeṣẹ́ ológun. UMAP ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ẹ̀ka ológun tó ń ṣèrànwọ́ fún iṣẹ́ ìpèsè. Ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé àwọn ènìyàn dà bí ìwé ìpè sí iṣẹ́ ológun tó jẹ́ dandan fún gbogbo ọ̀dọ́. Ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀ ni wọ́n rí i pé wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló yí àwọn ká, àdá ni wọ́n sì kó lé àwọn lọ́wọ́, kì í ṣe ìbọn. Ìrèké ni wọ́n ń gé láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn onímọ̀ ìtàn fojú bù ú pé àwọn tí wọ́n kó gba ibẹ̀ tó 30,000, tàbí kí wọ́n jù bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin nìkan ló jìyà náà. Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà níbẹ̀, nítorí pé wọ́n kọ̀ láti gbé ìbọn. Àwọn Adventist, àwọn Onítẹ̀bọmi àti àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà wà níbẹ̀. Jaime Ortega, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìlú Havana, tí Póòpù sì fi jẹ Kádínà, ṣe nínú ìyà yẹn nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́ àlùfáà. Gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ náà, Pablo Milanés, tó kú nínú oṣù kọkànlá ọdún 2022, náà ṣe ẹ̀wọ̀n àgọ́ yìí nígbà èwe rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ní kò ṣe bí ọkùnrin àti ẹni tí wọ́n ní ó ń gbàdúrà jù, oko kan náà ni wọ́n jọ ro. Ó yẹ kí èèyàn fi èyí sọ́kàn, nítorí ọ̀rọ̀ ṣì ń bọ̀ níwájú.

Ariwo pọ̀ nílé àti lókè òkun, wọ́n sì ti àwọn àgọ́ náà pa ní ọdún 1968. Síbẹ̀, ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ní ọdún 1971, àpérò ńlá kan tí ìjọba ṣe lórí ẹ̀kọ́ àti àṣà pàṣẹ pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wà nídìí iṣẹ́ tó lè mú wọn sún mọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn olùkọ́, àwọn òṣèré àti àwọn òǹkọ̀wé tó pọ̀ ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Òfin Ìdílé ọdún 1975 àti ìwé òfin ilẹ̀ ti ọdún 1976 sì sọ ọ́ pé ìgbéyàwó kò lè wáyé àfi láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Nígbà tí wọ́n ṣí èbúté Mariel sílẹ̀ ní ọdún 1980, tí nǹkan bíi 125,000 ènìyàn sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba pe àwọn tó ń lọ ní pàǹtírí.

Bí ohùn ṣe yí padà

Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn ẹgbẹ́ náà ń yí padà. Òfin ìwà ọ̀daràn tuntun ti ọdún 1979 yọ ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin, tí àgbàlagbà méjì bá ṣe ní kọ̀rọ̀ yàrá wọn, kúrò nínú ohun tí wọ́n ń fi èèyàn sẹ́wọ̀n sí. Ní ọdún 1993, wọ́n gbé fíìmù kan jáde tí wọ́n pè ní Fresa y chocolate, tó dá lórí bí ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì kan ṣe di ọ̀rẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin. Mariela Castro, ọmọbìnrin Raúl Castro, ló sì wá di ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀kọ́ nípa ìbálòpọ̀. Ó ń sọ ní gbangba pé ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò dára.

Ohun tó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù ni èyí tó ti ẹnu Fidel Castro fúnra rẹ̀ jáde nínú oṣù kẹjọ ọdún 2010. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó ṣe pẹ̀lú ìwé ìròyìn La Jornada ti ilẹ̀ Mẹ́síkò, ó gbà pé ìwà àìṣòdodo ńlá ni wọ́n hù sí wọn, ó sì ní bí wọ́n bá ń wá ẹni tó jẹ̀bi, òun ni. Àlàyé tó ṣe ni pé ọ̀rọ̀ ogun àti àwọn ọ̀tá tó ń wá ẹ̀mí òun nígbà náà kò jẹ́ kí òun ráyè bojú tó o. Ẹni ọdún 84 ni lọ́jọ́ yẹn. Àwọn kan yìn ín pé àgbà tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó gan-an kò dé orí tábìlì àfi ọdún 2018, lẹ́yìn tí Miguel Díaz-Canel ti di ààrẹ. Nínú àbá ìwé òfin ilẹ̀ tuntun tí wọ́n kọ lọ́dún náà, abala 68 sọ pé ìgbéyàwó jẹ́ láàárín ènìyàn méjì. Díaz-Canel lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun fara mọ́ ọn. Wọ́n wá gbé àbá náà kiri ibi iṣẹ́, ilé ìwé àti àdúgbò fún oṣù mẹ́ta kí ará ìlú lè dá sí i. Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àbá náà, abala 68 ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí jù. Èrò tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ lé ní 190,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ní kí wọ́n dá ọkùnrin àti obìnrin padà síbẹ̀.

Àwọn ìjọ ajíhìnrere ló ṣáájú. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri àti ilẹ̀kùn, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní bí Ọlọ́run ṣe dá a ni kó wà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Àgùdà náà kọ̀wé láti tako àbá náà. Àwọn tí bàbá wọn nínú ìgbàgbọ́ jọ gé ìrèké pẹ̀lú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní Camagüey ló wá dúró ní òdìkejì wọn. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé pé àǹfààní tí ìjọ ní láti tako ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba ní gbangba lọ́dún yẹn, ohun tuntun ni nílẹ̀ náà. Títí di ọdún 1991, ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀sìn kò tilẹ̀ lè di ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kejìlá, ọdún 2018, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kéde pé wọ́n ti yọ gbólóhùn náà. Wọ́n ní kí Òfin Ìdílé tí wọn yóò ṣe lẹ́yìn náà ló bójú tó o. Àwọn tó mọ ìṣèlú Kúbà sọ pé ẹ̀rù ló ba àwọn aṣáájú. Wọn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ba ìbò tí wọ́n fẹ́ dì lórí ìwé òfin jẹ́. Nígbà tí wọ́n dì í nínú oṣù kejì ọdún 2019, ó lé ní 86 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùdìbò tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ìwọ́de ojú pópó Prado

Nínú oṣù karùn-ún ọdún 2019 yẹn ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tó fi ìwà ẹgbẹ́ náà hàn ju òfin lọ. Ọdọọdún ni iléeṣẹ́ Mariela Castro máa ń ṣe ayẹyẹ oníjó kan ní ìgboro láti tako ìwà ìkórìíra sí àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Lọ́dún náà, wọ́n fagi lé e. Àwọn kan wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn lórí fóònù pé àwọn yóò jáde fúnra wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn péjọ ní ojú pópó Prado ní Havana, wọ́n gbé àsíá lọ́wọ́, wọ́n ń rìn lọ sí etí òkun. Wọn kò tíì dé ibi tí wọ́n ń lọ tí àwọn ọlọ́pàá àti àwọn agbófinró tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ fi dí wọn lọ́nà, wọ́n sì mú àwọn kan nínú wọn lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé wọn kò gba àṣẹ. Ohun kan náà tí iléeṣẹ́ ìjọba ń ṣe lọ́dọọdún ni wọ́n ṣe, àmọ́ kò sí ẹni tó rán wọn.

Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2021, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ìlú tú jáde jákèjádò Kúbà nítorí ebi, àìsí oògùn àti iná mànàmáná tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún lọ sẹ́wọ̀n. Oṣù méjì péré lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba gbé àbá Òfin Ìdílé tuntun jáde. Láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin ọdún 2022, wọ́n ṣe ìpàdé àdúgbò tó lé ní 79,000 lórí rẹ̀, wọ́n sì ní ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn tó wá. Wọ́n tún àbá náà kọ, wọ́n tún un kọ, kó tó di pé ilé aṣòfin buwọ́ lu ìkarùndínlọ́gbọ̀n rẹ̀ nínú oṣù keje.

Ní tòótọ́, ohun rere mìíràn wà nínú òfin náà. Ó ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ wọ ilé ọkọ, ó ní kí òbí yéé na ọmọ, ó sì fún àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà lẹ́tọ̀ọ́ láti máa rí ọmọ ọmọ wọn bí àwọn òbí bá tilẹ̀ ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ó gbà kí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì tó ti ṣe ìgbéyàwó gba ọmọ tọ́. Béèyàn bá fara mọ́ ọ̀kan, tí kò fara mọ́ èkejì, kò sí bó ṣe lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Odindi ni wọ́n ní kó gbé mì.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an kò fohùn ṣọ̀kan. Àwọn kan nínú wọn ní kò yẹ kí wọ́n gbé ẹ̀tọ́ àwọn tó kéré níye síwájú àwọn tó pọ̀ kí wọ́n wá dìbò lé e lórí. Àwọn kan ní àwọn kò ní í dìbò bẹ́ẹ̀ ni fún ìjọba tó kó àwọn ọmọ ìlú sẹ́wọ̀n, nítorí ṣe ni yóò fi ìbò náà ṣe ẹ̀yẹ fún ara rẹ̀ lójú ayé. Àwọn mìíràn ní bí ẹni tí èèyàn bá gbé fún ogún ọdún bá kú, tí àwọn ẹbí òkú sì dé láti lé e kúrò nínú ilé, kì í ṣe ìgbà yẹn ni yóò máa bèèrè ẹgbẹ́ tó kọ òfin tí yóò gbà á sílẹ̀. Nílẹ̀ tí ilé ti ṣọ̀wọ́n bíi Kúbà, tí ìran mẹ́ta máa ń gbé abẹ́ òrùlé kan, ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Ààrẹ Díaz-Canel fúnra rẹ̀ gbà lọ́jọ́ ìbò pé àwọn kan lè fi ìbò bínú sí ìjọba nítorí bí nǹkan ṣe le. Bó ṣe rí náà nìyẹn. Ìwé òfin ọdún 1976 gba ìbò tó lé ní 97 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́tẹ̀ yìí, ìdá mẹ́rin àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, nǹkan bí ìdá kan ló jókòó sílé, ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó sì jáde sọ pé rárá. Kò sí ẹni tó lè sọ iye tó kọ ìgbéyàwó àti iye tó kọ ìjọba.

Ilé òrìṣà náà wà níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ Kúbà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjòjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ láti ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n ń pè ní Lùkùmí. Wọ́n ń bọ Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja níbẹ̀ títí di òní, wọ́n sì ń lu bàtá. Ojú pópó Prado kan náà tí wọ́n ti dá ìwọ́de dúró ni ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́sìn Yorùbá ilẹ̀ Kúbà ní ilé sí. Àwọn onímọ̀ tó ti ṣe ìwádìí nípa ẹ̀sìn yìí kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin jẹ olórìṣà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í tẹ̀ wọ́n ní Ifá láti di babaláwo. Òfin tuntun náà kò fọwọ́ kan ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò fi dandan mú pásítọ̀ kankan. Ní Kúbà, ìgbéyàwó tí wọ́n bá ṣe ní iwájú aṣojú òfin nìkan ni ìjọba mọ̀.

Ní Nàìjíríà, òdìkejì ni òfin wà. Nínú oṣù kìn-ín-ní ọdún 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan buwọ́ lu òfin tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí ilé aṣòfin méjèèjì ti fọwọ́ sí i. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tí ẹgbẹ́ Kọ́múnísìtì nìkan ń ṣàkóso pàápàá, Kúbà ló kọ́kọ́ gbà á láyè. Òfin ilẹ̀ Ṣáínà ṣì sọ pé ọkùnrin àti obìnrin ni. Ilẹ̀ Vietnam yọ ìfòfindè rẹ̀ kúrò láti ọdún 2015, ṣùgbọ́n ìjọba kò fún irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ ní ìwé.

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n ṣí àgọ́ Camagüey ti di ẹni ọdún 77 lọ́jọ́ tí òfin yìí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bó bá wà láàyè, ó lè mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn, kí wọ́n lọ síwájú aṣojú òfin, kí wọ́n sì gba ìwé tó ní òǹtẹ̀ ìjọba. Ẹgbẹ́ kan náà ló fi ìwé méjèèjì ránṣẹ́ sí i, ti oko ìrèké àti ti ìgbéyàwó. Èyí tó dé kẹ́yìn sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, kò sí àníàní. Ṣùgbọ́n tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá fẹ́ tò jáde sí ojú pópó Prado láti bèèrè ohun mìíràn, àṣẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà, ọwọ́ ẹgbẹ́ náà sì ni àṣẹ ọ̀hún ṣì wà.